Má fi karabíìnì bàbá rẹ gba ìbọn ìléwọ́: ohun tí ojú mi rí ní Kétu

Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì, àbúrò mi, kí n tó mú fóònù láti fèsì. O ní karabíìnì 22, ìbọn gígùn ọlọ́ta kékeré tí bàbá yín fi sílẹ̀, ti wà nínú yàrá láti ọdún mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo sì yìn ín lọ́dún tó kọjá. Ọkùnrin kan láti apá ibodè wá ní òun á gbà á, òun á sì fún ọ ní ìbọn ìléwọ́ oní-mílímítà 9 dípò rẹ̀, láìgba fíráńkì kan lé e. O ní ìléwọ́ ló máa wúlò fún ọ, torí owó ẹ̀pà tí ò ń gbé láti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), níbí ní Benin. O wá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti ṣe irú rẹ̀ rí.

Èmi ti ṣe é. Má ṣe é.

Ti bàbá mi ni karabíìnì tèmi náà. Ibi tí wọ́n máa ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì lára igi ìdí rẹ̀ ti dúdú, ó ń dán. Èmi kì í ṣe ọdẹ. Àgbàdo àti ẹ̀pà ni mò ń kó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Idigny àti àwọn abúlé tó yí Kétu ká, mo sì ń tà wọ́n fún àwọn tó ń wá láti Àjàṣẹ́ àti Kùtọnu. Ìgbà tí ọ̀yà bá wọ oko àgbàdo mi nìkan ni mo máa ń gbé ìbọn náà, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Nítorí náà, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ nígbà tí o kọ ọ́ pé ó kàn ń gba ààyè. Ọ̀rọ̀ tí èmi náà sọ fún ìyàwó mi nìyẹn.

Ẹ̀rù ló mú mi ṣe pàṣípààrọ̀ náà. Wọ́n dá ọ̀rẹ́ mi kan lọ́nà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, wọ́n gba gbogbo owó ara rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ àdá lù ú lápá títí apá náà fi wú bí iṣu. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbọ́ ìró alùpùpù lẹ́yìn mi, àyà mi á já. Ẹnì kan bá mú ọkùnrin kan tó ní ìléwọ́ wá bá mi. Alẹ́ ni wọ́n wá. Ọkùnrin náà wé ìléwọ́ rẹ̀ sínú aṣọ ìnura ọmọdé, ó gbé e lé orí tábìlì. Ó gbé karabíìnì bàbá mi, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó wò ó láti ìdí dé ẹnu, ó ní ó dáa. Kò béèrè ìwé lọ́wọ́ mi, èmi náà kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi gbé ìbọn bàbá mi lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ dán ìléwọ́ náà wò lóko. Mo gbé ìbẹ́pẹ kan tó tóbi bí orí ọmọdé sórí kùkùté, mo ka ẹsẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, mo yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ọta kan ṣoṣo ló kàn án, létí. Bẹ́ẹ̀ karabíìnì bàbá mi ni mo fi máa ń ba agolo tòmátì níbi tó jìn ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ìbọn náà kò bàjẹ́, bí ìléwọ́ ṣe rí nìyẹn. Ibi mẹ́rin ni karabíìnì ti ń rí ara ẹni dì mú: ọwọ́ méjèèjì, èjìká, ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọwọ́ nìkan ló ń gbé ìléwọ́ dúró. Tún wo àlàfo tó wà láàárín ibi tí a ń fojú wò lẹ́yìn ìbọn àti èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀. Lára ìléwọ́, bíi sẹ̀ǹtímítà 15 ni; lára karabíìnì, ó lè tó 50. Bí ojú rẹ bá fi mílímítà kan péré yẹ̀ lórí ìléwọ́, tí ohun tí ò ń yìnbọn sí bá wà ní mítà 15, ọta á fi sẹ̀ǹtímítà 10 ṣìnà. Lórí karabíìnì, mẹ́ta péré ni. Wá rò ó pé ilẹ̀ ti ṣú, ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n, ẹni tó wà níwájú rẹ sì ń sáré, tàbí pé ọmọ ọlọ́mọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ ìléwọ́ yìn gbọ́dọ̀ máa fi kọ́ra nígbà gbogbo. Níbo lo ti fẹ́ rí ààyè àti ọta tí wàá fi kọ́ra, nígbà tí ìbọn náà kò ní ìwé?

Gbígbé e kiri wá le ju yíyìn ín lọ. Mo máa ń kì í bọ ìbàdí ọ̀tún, lábẹ́ bẹ́líìtì, bí mo bá sì gun zémì, alùpùpù akérò, irin rẹ̀ á máa gún mi léegun ní gbogbo kòtò. Bí a bá dé ibi tí ọlọ́pàá dúró sí, òógùn á bò mí. Olè nìkan ni mò ń sá fún tẹ́lẹ̀, mo tún wá ń sá fún ọlọ́pàá. Àbúrò, olè tó fẹ́ dá ọ lọ́nà kò ní ké sí ọ kó tó jáde. Ohun ìjà tirẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, tìrẹ wà lábẹ́ ẹ̀wù. Ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n lù yẹn, bó bá jẹ́ pé ìléwọ́ wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo gbà pé wọn ì bá pa á kí wọ́n tó gbà á.

Ṣùgbọ́n ohun tó já mi láyà jù ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Èmi àti ọmọkùnrin kan tó ń bá mi wọn àgbàdo ń jiyàn lórí àpò méjì tí kò pé. Ó gbóhùn sókè sí mi níwájú àwọn oníbàárà. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi ti wà lábẹ́ ẹ̀wù. Mi ò yọ nǹkan kan, kò sì sẹ́ni tó fura. Ṣùgbọ́n èmi mọ ibi tí ọwọ́ mi ń lọ, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún sì ni ọmọ náà. Ká ní karabíìnì ni mo ní, mo ní láti rìn délé, kí n ṣí yàrá, kí n wá ọta, kí n tó padà dé ọjà. Ìbínú ì bá ti rọ̀ lójú ọ̀nà. Mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi í sínú àpótí. Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo gbé e jáde láti nù ún. Mo yọ ilé ọta kúrò nídìí rẹ̀, mo gbé e sórí ẹní, lójú tèmi ìbọn ti ṣófo. Mi ò mọ̀ pé bí ilé ọta bá tilẹ̀ ti kúrò, ọta kan lè ti wọ ọ̀fun ìbọn kó sì jókòó síbẹ̀. Ìka mi fà á. Ariwo náà dí mi létí. Ọta gba ara bídọ̀ omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, bídọ̀ yẹ́lò tó ń gba lítà 25, ó sì wọ ògiri lọ. Omi ń ṣàn jáde lójú ihò náà, ó ń lọ sábẹ́ ẹní tí ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀ láti lọ ra àkàrà. Ìyàwó mi rìn lọ síbi bídọ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka di ihò náà. Omi ń gba ihò kejì lẹ́yìn jáde. Ó wà níbẹ̀ pẹ́ títí, kò wo ojú mi.

Ìbọnkíbọn tó bá wà lọ́wọ́ rẹ, títí kan karabíìnì yẹn: kọ́kọ́ kọjú ẹnu rẹ̀ síbi tí kò séèyàn, yọ ilé ọta, fa irin ẹ̀yìn, kí o sì fi ojú àti ìka kékeré rẹ yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò. Má gba ti ẹnikẹ́ni tó bá ní kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Mo fẹ́ dá ìléwọ́ náà padà, ṣùgbọ́n fóònù ọkùnrin tó gbé e wá bá mi kò lọ mọ́. Ní ọdún kejì, àwọn ọlọ́pàá wá sílé. Wọ́n ti gba karabíìnì kan lọ́wọ́ ẹnì kan tí mi ò rí rí, nínú ọ̀ràn tí mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára irin rẹ̀ ni wọ́n tọ̀ dé inú ìwé, inú ìwé náà ni wọ́n ti rí orúkọ bàbá mi. Ọlọ́pàá kà á síta, orúkọ àti orúkọ ìdílé. Bàbá mi tí kò jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni rí. Mo ní láti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì fa ìléwọ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo sùn lórí sìmẹ́ńtì, ẹjọ́ náà gba oṣù mọ́kànlá, mo ta alùpùpù mi láti fi san owó agbẹjọ́rò. Karabíìnì náà kò padà wá. Nígbà tí àwọn ẹbí bọ Ògún lọ́dún yẹn, tí wọ́n to ìbọn wọn síwájú Ògún tí wọ́n sì ta ẹmu sílẹ̀, ààyè tí ti bàbá mi máa ń wà ṣófo. Kò sẹ́ni tó sún tirẹ̀ síbẹ̀.

Nítorí náà, ọkùnrin tó ní òun kò ní gba fíráńkì kan lé e yẹn, orúkọ bàbá rẹ ló fẹ́ gbé lọ. Ìwé àṣẹ ìbọn, permis, orúkọ ẹnì kan ló so mọ́ nọ́ńbà ìbọn kan. Ẹ ò lè fi ẹnu lásán pààrọ̀ rẹ̀ nínú yàrá. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fọwọ́ sí ní Abuja ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 2006, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009, ní kí ará ìlú tó fẹ́ ìbọn kékeré fi ìdí tó fi fẹ́ ẹ hàn, kó fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n lò àti pé òun níbi tí òun á tì í mọ́, kó sì dúró ó kéré tán ọjọ́ 21 kó tó rí àṣẹ gbà. Èyí tí wọ́n gbé wá bá ọ lálẹ́, ìwọ kò mọ ẹni tí wọ́n ti fi ṣe lọ́ṣẹ́ níbi tó ti ń bọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí i lọ́wọ́ rẹ, ìwọ ni olówó rẹ̀.

Ní ti ẹ̀rù ojú ọ̀nà, mo mọ̀ ọ́n, mi ò ní sọ fún ọ pé kò tó nǹkan. Ohun tó gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé mi ò gbé owó mọ́. Orí fóònù, MoMo, ni àwọn oníbàárà mi ń san án sí, òun náà ni mo fi ń san ti àwọn àgbẹ̀. Àwọn àgbà kan kọ̀ níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ fọwọ́ kan owó àwọn. Mo ń bá wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń yọ owó, ọjọ́ kẹta ọjọ́ kẹrin wọ́n gbà. Owó tí wọ́n ń yọ lórí rẹ̀ ń dùn mí, ṣùgbọ́n kò tó alùpùpù kan. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kì í bá mi lójú ọ̀nà mọ́, àwa mẹ́ta la sì jọ ń lọ.

Karabíìnì tí o kì í sábà lò yẹn, kò jẹ oúnjẹ rẹ. Nù ún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí o fi epo tẹ́ẹ́rẹ́ pa irin rẹ̀ kí ìpẹtà má bàa mú un, pàápàá lásìkò òjò. Ti ìbọn mọ́ ibì kan, ti ọta mọ́ ibòmíràn, kí kọ́kọ́rọ́ má wà níbi tí ọmọdé mọ̀. Bí o bá sì fẹ́ yìn ín, rántí pé ọta 22 kékeré yẹn lè rìn ju kìlómítà kan lọ, mọ ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀yà kí o tó fà á. Bí o bá tiẹ̀ wá rí i pé o kò fẹ́ ẹ mọ́, o lè tà á fún ẹni tó ní àṣẹ, níwájú ìjọba, kí orúkọ bàbá yín kúrò lára rẹ̀. Ìyẹn kò burú. Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ pé kí o má ṣe ni ti ọkùnrin yẹn.

Lálẹ́ òní, gbé ìbọn náà jáde, da nọ́ńbà ara rẹ̀ kọ. Wá permis bàbá yín láàárín àwọn ìwé wọn, kí o wò ó bóyá nọ́ńbà méjèèjì bára mu. Ní ọjọ́ Ajé, mú ìwé náà àti ìwé ikú bàbá yín lọ sí kọmisáríà ọlọ́pàá, fi ìbọn sílé, kí o sọ fún wọn pé o fẹ́ kí ó wá sórí orúkọ rẹ. Wọ́n á júwe ọ́fíìsì tó kàn fún ọ. Bí o bá délé, kọ̀wé sí mi níbí, kí n mọ bí wọ́n ṣe dá ọ lóhùn.