Mo ń yá owó èlé san owó èlé: kí ni kí n ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Àáfà wa, àsàlámù aléékúmù. Ọjà Wándò ní Àjàṣẹ́ níbí ni mo ti ń ta aṣọ. Nígbà tí ọkọ mi ṣàìsàn, mo yá 200,000 seefa lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń yáni lówó nínú ọjà. Oṣooṣù ni mo ń gbé èlé 20,000 fún un. Ó di oṣù mẹ́wàá báyìí, ojú owó ṣì wà bó ṣe wà. Nígbà tí ọjà ò tà, mo yá 60,000 lórí fóònù kí n lè rí èlé san, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni wọ́n fún mi. Ọkọ mi ò mọ̀. Ẹlòmíràn wá fẹ́ yá mi ní 350,000, tèlétèlé, pé kí n fi san gbogbo rẹ̀. Ṣé kí n gbà á? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn mi? Iléyá náà ń bọ̀, àwọn ọmọ ń retí àgbò.

ÌDÁHÙN: Wa aléékúmù sàlámù, ìyá wa. Kí Ọlọ́hun fún ọkọ yín ní àlàáfíà.

Ẹ má gba 350,000 yẹn. Mo fi ṣáájú kó má baà jẹ́ pé ẹ ti gbà á kí ẹ tó ka èsì mi tán.

Ní ti ẹ̀ṣẹ̀, hádíìsì tí Jábírì gbà wá, tó wà nínú ìwé Muslim, sọ pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣẹ́bi lé ẹni tó ń jẹ ribá (owó èlé), ẹni tó ń san án, akọ̀wé rẹ̀ àti àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Síbẹ̀, èmi ò ní fi í na obìnrin tó ń wá owó oògùn ọkọ rẹ̀ kiri. Ẹ tuuba: kí ẹ kábàámọ̀, kí ẹ jáwọ́, kí ẹ pinnu pé ẹ ò ní padà síbẹ̀. Ẹ wá rí i pé owó tuntun yìí ò bá tuuba lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Èlé nìkan tí ẹ ti san ti pé 200,000, iye tí ẹ yá gan-an. 10 lórí 100 lóṣù, 120 lórí 100 lọ́dún nìyẹn. Òfin àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná seefa ti wa yìí kò jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ tó ń yá àwọn oníṣòwò kékeré lówó gbà ju 24 lórí 100 lọ lọ́dún láti 2014. Òfin ìlú tí kò ka èlé sí haraamu pàápàá kò gba irú èyí. Sọgúndogójì ni àwọn bàbá wa ń pe irú owó bẹ́ẹ̀.

Nínú Súrátul Baqarah, ẹsẹ 279, Ọlọ́hun ní kí ẹni tó bá tuuba nínú ribá gba ojú owó rẹ̀ nìkan, kó má ṣàbòsí, kí wọ́n má sì ṣàbòsí sí i. Ẹ mú àgbàlagbà méjì tí ọkùnrin náà ń bọ̀wọ̀ fún lọ bá a, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kó dá èlé dúró, kó sì ka ohun tó ti gbà mọ́ ojú owó. Tó bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ ka ẹsẹ 280 sí i létí, èyí tó ní kí a fún ẹni tí nǹkan le fún ní àyè títí tí yóò fi rọrùn. Ó lè kọ̀ o. Tó bá kọ̀, ẹ má sá fún un, ẹ má sì ṣèlérí tí ẹ mọ̀ pé ẹ ò lè mú ṣẹ. Ànábì máa ń wá ìṣọ́ra Ọlọ́hun kúrò níbi gbèsè. Nígbà tí wọ́n bi í ní ìdí, ó ní ẹni tó bá jẹ gbèsè a máa sọ̀rọ̀ kó parọ́, a sì máa ṣèlérí kó yẹ̀ ẹ́.

Owó orí fóònù ni kí ẹ kọ́kọ́ san tán, nítorí ọjọ́ rẹ̀ kúrú. Èlé tó bá jẹ́ túláàsì fún yín níbẹ̀, ẹ san án kí ẹ bọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tó gbà á.

Ibo lowó yóò ti wá? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ sọ fún ọkọ yín. Nítorí àìsàn rẹ̀ ni ẹ ṣe yá a, kì í ṣe nítorí aṣọ ẹbí. Àṣírí tí ẹ ń pa mọ́ yìí ló jẹ́ kí ẹ máa yá òmíràn lórí òmíràn, torí ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá ìmáàmù yín lórí sàká. Ẹsẹ 60 nínú Súrátu Tawbah ka onígbèsè mọ́ àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. Ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ ò ṣagbe. Àwa tí à ń pín sàká náà lẹ́bi níbí yìí: à ń fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní 1,000, 2,000 tí kò ràn wọ́n, nígbà tí à bá fi yọ ẹnì kan pátápátá.

Bí ẹ bá wà nínú èésú, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún yín kó tèkọ́kọ́. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, níwọ̀n bí oníkálukú bá ń kó iye tó dá. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní òun yóò ta àsìkò òun fún yín kí ẹ fi nǹkan lé e, ribá náà nìyẹn.

Ní ti àgbò Iléyá, ẹni tó bá ní agbára ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má yáwó rà á. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kò ní sí tọdún yìí, kí ẹ kó wọn lọ sí yídì, kí ẹ sì jẹ nínú ẹran tí àwọn aládùúgbò bá fi ránṣẹ́.