Owó ń wọlé fún mi àmọ́ kò sí nínú ìwé kankan: ìdáhùn sí lẹ́tà arábìnrin kan ní Padova

Lẹ́tà tó kọ sí mi rèé, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Padova ní Ítálì ni mo wà, ó ti lé lọ́dún mẹ́fà. Ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dá wa dúró lọ́dún tó kọjá, látìgbà yẹn ilé àwọn signora (àwọn obìnrin onílé) ni mò ń lọ tún ṣe, ilé mẹ́ta, wákàtí 18 lọ́sẹ̀, yúrò 8 ní wákàtí kan, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kó o fún mi, kò sí ìwé, nero ni, ìyẹn iṣẹ́ tí ìjọba ò mọ̀ sí. Permesso mi (ìwé àṣẹ ìgbélùú) máa parí lóṣù mẹ́rin sí i, questura (ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń fúnni ní ìwé náà) sì máa béèrè owó tó ń wọlé fún mi. Ọkùnrin kan ní kí n mú yúrò 1,500 wá kóun bá mi wá ẹni tó máa forúkọ mi sílẹ̀ bíi pé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí láti bá àwọn signora yìí sọ̀rọ̀, kí wọ́n má lọ lé mi. Ọmọbìnrin mi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án wà lọ́dọ̀ màmá mi nílé, mo fẹ́ mú un wá. Màmá ò sì mọ̀ pé ilé onílé ni mò ń nù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn."

Àbúrò mi, mo ti ka lẹ́tà ẹ, mo sì tún un kà. Má fún ọkùnrin yẹn ní kọ́bọ̀. Èyí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ kí n tó sọ ohunkóhun, torí mo mọ̀ pé tí ọjọ́ permesso bá ti ń sún mọ́lé ọkàn èèyàn kì í balẹ̀ mọ́, ohun tó mọ̀ pé kò dáa á wá máa dà bí ọ̀nà àbáyọ lójú ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀nà àbáyọ o. Àwọn INPS, àjọ ìjọba tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì, máa ń yẹ irú nǹkan yìí wò, tí wọ́n bá rí i pé bàbá arúgbó kan tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì tí kò tó nǹkan, tó ń gbé yàrá méjì, ló forúkọ colf (òṣìṣẹ́ inú ilé) mẹ́rin sílẹ̀, wọ́n á bi í pé níbo ló ti ń rówó san. Tí wọ́n bá fagi lé iṣẹ́ yẹn, permesso tó o fi gbà ò ní lẹ́sẹ̀ tó máa fi dúró mọ́. Òfin tó wà fáwọn àjèjì ní Ítálì tún sọ pé ẹni tó bá fi ìwé ayédèrú wá permesso lè ṣẹ̀wọ̀n láti ọdún 1 títí dé ọdún 6. Ọkùnrin yẹn á ti yí nọ́ńbà fóònù ẹ̀ padà nígbà yẹn, orúkọ tìẹ ló máa wà nínú ìwé.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé o ò tiẹ̀ nílò ẹ̀. Jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀. Wákàtí 18 lọ́sẹ̀ ní yúrò 8, yúrò 144 nìyẹn lọ́sẹ̀, tá a bá wá fi ọ̀sẹ̀ 52 ṣe é, ó di yúrò 7,488 lọ́dún. Iye tí questura máa ń fi wọn owó èèyàn ni assegno sociale, owó tí ìjọba máa ń fún àwọn àgbàlagbà tí kò ní lọ́wọ́, lọ́dún 2025 ó jẹ́ yúrò 538.69 lóṣù, oṣù 13 ni wọ́n sì ń kà á sí, ìyẹn yúrò 7,002.97 lọ́dún. Ṣé o rí i? O ti kọjá ẹ̀. INPS á yọ díẹ̀ nínú ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ colf tó níwèé ní ẹ̀tọ́ sí tredicesima, owó oṣù kẹtàlá tí wọ́n máa ń san ní December, ìyẹn nìkan ju ohun tí INPS yọ lọ. Owó tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹ ti wà lọ́wọ́ ẹ, ò ń ná an, ò ń fi ránṣẹ́ sílé, àárẹ̀ ẹ̀ sì wà lára ẹ, àmọ́ lójú ìjọba ṣe ló dà bíi pé o jókòó sílé látọdún tó kọjá. Nítorí náà kì í ṣe iṣẹ́ tuntun lo kọ́kọ́ ń wá, ìwé lò ń wá fún iṣẹ́ tó o ti ń ṣe, gbogbo oṣù tó o bá sì tún fi ṣe nero, oṣù tí ẹnì kankan ò ní rí ni.

Ó yá, ọ̀rọ̀ àwọn signora. Má bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tí wákàtí ẹ pọ̀ jù lọ́dọ̀ ẹ̀, tó bá jẹ́ òun náà ló fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀ á dáa gan-an, torí ẹni tó bá ti fọkàn tán ẹ débi pé ó ń fi ilé sílẹ̀ fún ẹ, kì í wù ú kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíì. Má sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó ń sáré jáde, má sì sọ ọ́ lórí WhatsApp. Parí iṣẹ́ ẹ, bọ́ ìbọ̀wọ́, kó o ní "Signora, vorrei lavorare in regola, tra poco devo rinnovare il permesso" (Signora, mo fẹ́ máa ṣiṣẹ́ lọ́nà tó bófin mu, mo máa tó tún permesso mi ṣe). Kó o wá dákẹ́, kó o jẹ́ kó rò ó. Má bẹ̀bẹ̀, torí ohun tí òfin sọ pé kó ṣe lò ń béèrè.

Ohun tó máa ń ba àwọn signora lẹ́rù ni pé owó ẹ̀ máa pọ̀. Fún ẹni tó ń gba yúrò 8, tí wákàtí ẹ̀ lọ́dọ̀ signora kan ò sì ju 24 lọ́sẹ̀, owó INPS ò tó yúrò méjì lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan, apá tó kan ìwọ fúnra ẹ tún wà nínú ẹ̀, sẹ́ǹtì díẹ̀ ni. Ó sì lè yọ èyí tóun san kúrò nínú owó tí wọ́n máa fi ṣírò owó orí ẹ̀, títí dé yúrò 1,549.37 lọ́dún. Nǹkan míì tún wà tó yẹ kó o sọ fún un, sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ kó má dà bí ìhàlẹ̀: tó o bá já bọ́ lórí àkàbà níbi tó o ti ń nu fèrèsé ẹ̀, tó bá jẹ́ pé o níwèé, INAIL, àjọ tó wà fún ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ló máa bójú tó o, tí kò bá sí ìwé, wàhálà ẹ̀ á délé òun náà. Tó bá wá ní òun gbà àmọ́ ìwọ ni kó san gbogbo owó INPS, má gbà. Ọ̀pọ̀ ló ń gbà á torí pé ojú ń kán wọn, àmọ́ apá tìẹ nìkan ni tìẹ.

Tó bá ti gbà, òun ló máa forúkọ ẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ INPS, ó lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kó pè wọ́n lórí fóònù, kò ná an ní nǹkan kan, kóńtráàtì náà sì gbọ́dọ̀ ti wọlé síbẹ̀, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tíṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Codice fiscale ẹ (nọ́ńbà owó orí ẹ) àti permesso ẹ ló máa fẹ́ rí. Fọ́tò ẹ̀ ni kó o fún un o, má fi ojúlówó sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ máa fọwọ́ sí lettera di assunzione (ìwé àdéhùn iṣẹ́), ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó o ti la ojú ẹ dáadáa, torí àwọn kan wà tó máa ní àwọn fi ẹ́ sínú ìwé, wàá máa ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lọ́sẹ̀, wọ́n á kọ mẹ́ta, wọ́n á ní ìyókù àwọn á máa kó o fún ẹ lọ́wọ́. Inú ẹ á dùn pé o ti níwèé, ìgbà tó o bá dé questura lo máa rí i pé yúrò tó wà nínú ìwé ò dé ìdajì ohun tí wọ́n ń béèrè. Wákàtí tó ò ń ṣe gan-an ni kí wọ́n kọ. Bí àwọn mẹ́ta bá gbà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè forúkọ ẹ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òfin ò sọ pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan péré ni kí colf ti máa ṣiṣẹ́, wọ́n á ro owó ẹ̀ pọ̀ ni.

Látìgbà yẹn, jẹ́ kí owó máa gba báńkì wọlé. Òfin gbà kí wọ́n ṣì máa kó owó fún colf lọ́wọ́, àmọ́ owó ọwọ́ ò ní ẹlẹ́rìí. Postepay (káàdì ilé ìfìwéránṣẹ́) tó ní IBAN (nọ́ńbà àkáǹtì) tó. Ní kí signora máa kọ "stipendio marzo" tàbí oṣù yòówù kó jẹ́ síbi causale (ibi tí wọ́n ń kọ ìdí owó sí), kó sì máa fún ẹ ní busta paga (ìwé owó oṣù). Ní ilé ìkẹ́rùsí tó o ti ṣiṣẹ́, àwọn ló ń yọ owó orí ẹ tí wọ́n sì ń fún ẹ ní CU (ìwé tó ń sọ gbogbo owó tó o gbà) lọ́dọọdún, signora ò sí lábẹ́ ètò yẹn, ìwé kan tó máa fọwọ́ sí pé iye báyìí lòun san fún ẹ lọ́dún ló máa fún ẹ, òun lo máa gbé lọ sí CAF (ọ́fíìsì tó ń báni ṣe ìwé owó orí) kí wọ́n bá ẹ ṣe 730 (ìwé tó o fi ń sọ owó tó wọlé fún ẹ lọ́dún). Ṣe é, kódà tí owó ẹ ò bá tó èyí tí wọ́n ń gba owó orí lórí ẹ̀, torí ìwé yẹn wúlò fún ẹ ju owó orí lọ.

Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni signora máa ń sanwó INPS, ọjọ́ 10 oṣù April, July, October àti January ni gbèdéke. Fi SPID ẹ (ìdánimọ̀ ẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) wọ orí INPS lẹ́yìn ọjọ́ yẹn kó o wo estratto conto ẹ (àkọsílẹ̀ owó tí wọ́n ti san fún ẹ). Ẹni tó fọwọ́ sí kóńtráàtì tí kò wá san nǹkan kan, irú wọn wà, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ níwájú tábìlì questura lo ti máa gbọ́.

Tí gbogbo wọn bá kọ̀ ńkọ́? Má fi iṣẹ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, máa wá ẹlòmíì. Béèrè lọ́wọ́ portiere (ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà) ilé ńlá tó o ti ń ṣiṣẹ́, ó mọ ẹni tí colf ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Lọ sí Caritas (àjọ aláàánú Kátólíìkì) àti parrocchia (ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò), lọ bá àwọn cooperativa (ẹgbẹ́ alájọṣe) tó ń nu ọ́fíìsì, owó wọn lè má dùn tó ti signora àmọ́ busta paga àti CU wọn kì í ní wàhálà. Tí wọ́n bá ní o máa ṣe prova (iṣẹ́ ìdánwò), prova tí wọ́n sanwó fún ni o. Lọ sí patronato (ọ́fíìsì tó ń ranni lọ́wọ́ lórí ìwé) kan lábẹ́ àwọn sindacato (ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́) bíi CGIL, CISL tàbí UIL lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n á sọ fún ẹ bóyá permesso attesa occupazione lè tọ́ sí ẹ, èyí tí wọ́n máa ń fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó kéré tán ọdún kan, o sì gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ ní Centro per l'impiego (ọ́fíìsì ìjọba tó ń báni wáṣẹ́). Má sì jẹ́ kí permesso parí mọ́ ẹ lọ́wọ́. Ọjọ́ 60 kó tó parí ni kó o ti gba kit (àpò fọ́ọ̀mù tó o máa kọ) ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ricevuta (rìsíìtì) tí wọ́n bá fún ẹ, o lè máa fi ṣiṣẹ́ títí wọ́n á fi dá ẹ lóhùn.

Ní ti màmá, àbúrò mi, sọ fún wọn. Owó tí wọ́n fi ń rán ọmọ ẹ lọ síléèwé, àtinú iṣẹ́ yìí ló ti ń wá, o ò jí i, o ò sì gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Màmá tó gbà láti bá ẹ tọ́ ọmọ yẹ lẹ́ni tó ń mọ irú ọjọ́ tó o ní, bóyá wọ́n á tiẹ̀ wá yéé bínú tó o bá pẹ́ kó o tó pè.

Ní ti ọmọ gan-an, owó tí wọ́n ń béèrè fún ìwọ àtọmọ kan jẹ́ assegno sociale pẹ̀lú ìdajì ẹ̀, ní 2025 ìyẹn jẹ́ yúrò 10,504.45. Lórí yúrò 8 ẹ, tí wákàtí inú ìwé bá dé 26 lọ́sẹ̀, wàá ní 10,816. Wákàtí mẹ́jọ péré lo fi máa lé kún ti báyìí, ilé méjì sí i. Wọ́n lè tún béèrè idoneità alloggiativa (ìwé tó ń fi hàn pé ilé tó ò ń gbé tó gbé), comune (ìjọba ìbílẹ̀) ló ń fúnni, ó sì máa ń falẹ̀, àmọ́ fún ọmọ kan tí kò tíì pé ọdún 14, ìwé tí onílé fi gbà kó máa gbé níbẹ̀ lè tó, torí náà bá onílé ẹ sọ̀rọ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, kó o mọ̀ bóyá ilé yẹn lè gba ẹ̀yin méjèèjì. Tí signora àkọ́kọ́ bá ti dá ẹ lóhùn, bó gbà, bó kọ̀, kọ̀wé sí mi kí n lè mọ èyí tó kàn.