Ẹ Bi Àǹtí: Dátà Tán, Clone Ò Tíì Parí

Ojú ìwé yìí la ti ń dá ẹ̀yin òǹkàwé lóhùn lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ Git, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú gbogbo ìyípadà tí wọ́n ń ṣe sí kóòdù, ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó wọlé, nítorí náà mo ti àwọn tó ń bi mí nípa fóònù tó ń gbóná sẹ́yìn ná. Kí wọ́n má bínú.

Ẹ káàsán, Àǹtí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, Òkè-Baálẹ̀ ni mò ń gbé. Olùkọ́ wa ní kí a gbé repo Linux (fóldà tí kóòdù Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, àti ìtàn rẹ̀ wà nínú rẹ̀) sórí kọ̀ǹpútà wa kí a lè rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Mo tẹ `git clone`, àṣẹ tó ń da repo kọ wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń lọ geere, ó dé 63%, ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Ohun tí mo rí ni "fatal: early EOF". Mo wá fóldà náà títí, mi ò rí i. Mo tún un ṣe, dátà mi tán pátápátá. Ṣé kò sí bí mo ṣe lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó já sí, bí a ti ń ṣe tí a bá ń gba fíìmù sílẹ̀? — Ẹni Tí Dátà Ń Jẹ Lówó

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Kò sí. `git clone` kì í bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, Git fúnra rẹ̀ ló ń palẹ̀ ohun tó ti kó jọ mọ́, ìdí nìyẹn tí o kò fi bá fóldà kankan. Bó bá jẹ́ pé iná ló lọ, tí kọ̀ǹpútà sì kú lójijì, kò ní ráyè palẹ̀ mọ́: wàá bá fáìlì ńlá kan nínú `.git/objects/pack` tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `tmp_pack`. Má tọ́jú rẹ̀ pé yóò wúlò lọ́la. Pa gbogbo fóldà náà rẹ́ kí àyè lè gbà ọ́.

Ohun tó ń jẹ dátà rẹ gan-an ni kí o mọ̀. Kóòdù òní nìkan kọ́ ni clone ń gbé wá. Ẹni tó ra àdìrẹ ní Ọjà-Ọba, aṣọ ló gbé lọ sílé. Ẹni tó clone repo gbé aṣọ, ó kó gbogbo bátànì tí wọ́n fi pa á láró, ó tún kó èyí tí wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ tí wọ́n sì jù nù. Commit (ìyípadà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi pamọ́) tó wà nínú Linux ju mílíọ̀nù kan lọ, gbogbo wọn ló sì ń rọ́ bọ̀ wá bá ọ ní Òkè-Baálẹ̀.

Wọn ò ṣèèṣì ṣe é bẹ́ẹ̀. Linus Torvalds tó dá Linux sílẹ̀ náà ló bẹ̀rẹ̀ Git ní oṣù kẹrin ọdún 2005, nígbà tí wọ́n gba BitKeeper, ètò míì tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ kúrò lọ́wọ́ wọn. Ó fẹ́ kí gbogbo ìtàn iṣẹ́ wà lọ́wọ́ olúkúlùkù, kí ẹnikẹ́ni má sì máa wo ojú sáfà kan (kọ̀ǹpútà tí gbogbo wọn jọ ń lò) kó tó lè ṣiṣẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi owó oúnjẹ ra dátà gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń bù ú díẹ̀díẹ̀. Tẹ èyí:

`git clone --depth 1 https://github.com/torvalds/linux.git`

Bí kóòdù ṣe rí lónìí nìkan ni yóò gbé wá, láìsí ìtàn ẹ̀yìn. Kò tó ìdámẹ́rin odidi rẹ̀. Tó bá ti wọlé, ìyẹn ti di tìrẹ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá já lẹ́yìn náà kò lè gbà á padà. Bí o bá wá fẹ́ ìtàn sí i, wọ inú fóldà náà, kí o tẹ `git fetch --deepen=10`. Èyí tó bá parí, o ti jèrè rẹ̀ nìyẹn. Merge (ibi tí wọ́n ti da ẹ̀ka iṣẹ́ pọ̀) pọ̀ nínú Linux bí nǹkan míì, nítorí náà nọ́ńbà kékeré lè fa ẹrù ńlá wọlé. Má torí ìwàǹwára kọ 1000. Lọ́jọ́ tí dátà bá wá pọ̀, `git fetch --unshallow` yóò kó gbogbo èyí tó kù wá. Mọ̀ pẹ̀lú pé branch (ẹ̀ka iṣẹ́) kan ṣoṣo ni `--depth` ń gbé.

Àwọn kan yóò sọ fún ọ pé kí o lo `--filter=blob:none`. Kò burú: gbogbo commit ló ń kó wá, ó kàn fi ohun tó wà nínú àwọn fáìlì àtijọ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún títí ìwọ yóò fi fẹ́ wò ó. Àmọ́ bí o bá ṣe `git blame` lórí fáìlì kan láti mọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa sá lọ. Ẹni tí dátà rẹ̀ ti tán ní agogo méjọ alẹ́, kí ni yóò fi ìyẹn ṣe? Àwọn míì á ní kí o kúkú gba zip. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn yẹn. Zip ò ní `.git`, kò ní ìtàn, `git pull` tó ń mú ìyípadà tuntun wá ò sì ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láéláé. Tí wọ́n bá tún nǹkan ṣe lọ́la, odidi rẹ̀ ni wàá tún gbà.

Ìbéèrè tèmi nìyí: kí ló dé tí gbogbo kíláàsì ń ra dátà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ torí nǹkan kan náà? Ẹ wá ẹnì kan tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé rẹ̀ dúró dáadáa, kó fi dátà òru clone gbogbo rẹ̀ láìfi `--depth` kún un. Lẹ́yìn náà kó wọ inú fóldà náà, kó tẹ:

`git bundle create linux.bundle --all`

Fáìlì kan ṣoṣo ni yóò jáde, gbogbo ìtàn sì wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sórí flash kí ó máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo flash yẹn dáadáa: tó bá jẹ́ pé FAT32 ni wọ́n fi format rẹ̀, kò ní gba fáìlì tó bá ju 4 GB lọ, ẹ format rẹ̀ sí exFAT. (Ẹ kó ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò kí ẹ tó format o, kí ẹnikẹ́ni má wá sunkún fọ́tò ìgbéyàwó wá bá mi.) Tí flash bá kàn ọ́, da fáìlì náà kọ sórí kọ̀ǹpútà rẹ, kí o tẹ `git clone linux.bundle linux`. Kò ní ná ọ ní dátà kankan. Kí o wá júwe orísun gidi fún un:

`git remote set-url origin https://github.com/torvalds/linux.git`

Láti ìgbà náà lọ, tí o bá ti ṣe `git fetch`, kìkì ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n ṣe bundle ni yóò wọlé.

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ń ṣe wẹ́bsáìtì fún ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Òkè-Fìà. Ara láptọ́ọ̀pù ọ̀rẹ́ mi ni mo ti da fóldà iṣẹ́ náà kọ sórí flash. Nígbà tí mo ṣe `git push` láti gbé iṣẹ́ mi lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ mi sì wọlé pẹ̀lú account rẹ̀. Ó ní mo jí password òun. Mi ò jí nǹkan kan! — Ọwọ́ Mi Mọ́, Ògo-Olúwa

Ọwọ́ rẹ mọ́ lóòótọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ ló gbàgbé token rẹ̀ (ọ̀rọ̀ àṣírí gbọọrọ tó ń ṣiṣẹ́ dípò password) sínú fóldà tí o dà kọ.

Láti ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni GitHub, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tọ́jú repo sí, kò ti gba password account mọ́ fún iṣẹ́ Git. Token tàbí kọ́kọ́rọ́ SSH (fáìlì àṣírí kan tó ń jẹ́rìí ẹni tí o jẹ́) ni wọ́n ń lò. Ẹni tó bá ń ṣọ̀lẹ á ki token rẹ̀ bọ inú àdírẹ́sì repo kó má baà máa tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìgbà, Git yóò sì kọ ọ́ sínú `.git/config` ní gbangba. Tẹ `git remote -v` báyìí, kí o wo ohun tó wà láàárín `https://` àti `@github.com`. Tí o bá rí ọ̀rọ̀ gbọọrọ kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `ghp_`, òun gan-an nìyẹn.

Ká ní o ṣe clone ni, èyí ò ní ṣẹlẹ̀, torí clone kì í gbé `.git/config` ẹlòmíì, tuntun ló ń kọ fún ọ. Dídà fóldà kọ ló ń gbé gbogbo nǹkan tọ̀túntòsì: token, iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ ò tíì commit, àti fáìlì `.env`, ibi tí wọ́n ń kọ àṣírí iṣẹ́ sí, tí wọ́n fi `.gitignore` sọ fún Git pé kó má kà kún. Bí password database ìyá náà bá wà nínú `.env` yẹn, ó ti wà lórí flash rẹ báyìí. Sọ fún un, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Kí ọ̀rẹ́ rẹ lọ pa token náà rẹ́ nínú Settings lórí GitHub lónìí; pípa á rẹ́ lára láptọ́ọ̀pù rẹ nìkan kò tó. Kó wá fi orúkọ rẹ kún àwọn tó lè kọ nǹkan sínú repo náà, kí ìwọ sì fi token tìrẹ ṣe clone tuntun. Ní ti ẹ̀sùn olè, fi ìwé ìròyìn yìí hàn án, kó ra mọ́ínmọ́ín fún ọ.

Àǹtí, tí mo bá clone kóòdù ẹlòmíì, tí mo sì fi orúkọ mi sí i láti fi wá iṣẹ́, ṣé olè ni? — Mo Kàn Ń Béèrè Ni, Ìgbọ̀nà

Clone kì í ṣe olè. Ẹni tó gbé repo rẹ̀ síta fún gbogbo ayé fẹ́ kí wọ́n rí i. Wá fáìlì tí wọ́n pè ní LICENSE (ìwé àṣẹ ìlò) níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní MIT, o lè lò ó, o lè yí i padà, o lè tà á pàápàá, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó ni ín àti ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí kò bá sí LICENSE rárá, má rò pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó kọ ọ́ ló ṣì ni gbogbo ẹ̀tọ́.

Fífi orúkọ rẹ sí i lọ́rọ̀ wà, o sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí o tó kọ̀wé sí mi. `git log`, àkọsílẹ̀ gbogbo commit, yóò dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Àwọn kan máa ń pa `.git` rẹ́ kí wọ́n ṣe `git init` tuntun láti bẹ̀rẹ̀ ìtàn lákọ̀tun. Odidi iṣẹ́ ọdún mẹ́ta á wá hàn bí ẹni pé wọ́n kọ ọ́ tán lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ yóò bi ọ́ nípa fáìlì kan níbẹ̀, ẹnu rẹ yóò sì wọ́. Fork rẹ̀ (da repo náà kọ sí account tìrẹ), wá ibi tí nǹkan ti bàjẹ́, tún un ṣe, kí o sì fi pull request, ìbéèrè pé kó gba àtúnṣe rẹ, ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín. Bí ó bá gbà á, orúkọ rẹ á wà nínú `git log` pẹ̀lú àwọn yòókù. Ìyẹn ni kí o fi hàn wọ́n.