Ọmọ mi ní òun ò ṣe dókítà mọ́, sáyẹ́ǹsì fíkṣọ̀n lòun fẹ́ máa kọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 17, A-level ló ń ṣe, Báọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Máàtì, láti kékeré la sì ti ń pè é ní dókítà nínú ilé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wá jókòó tì mí, ó ní Mummy, mi ò fẹ́ kọ́ mẹ́dísìn mọ́, sáyẹ́ǹsì fíkṣọ̀n ni mo fẹ́ máa kọ. Mo ní kí lèyí o? Ó ní ìtàn àròsọ tó dá lórí sáyẹ́ǹsì ni, ọmọ Yorùbá kan sì ń bẹ ní ìlú ọba níbí tó gba ẹ̀bùn ńlá lórí ẹ̀, Tade Thompson lorúkọ ẹ̀. Bàbá ẹ̀ ò tíì gbọ́. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ òru nílé àwọn arúgbó nítorí àwọn ọmọ yìí. Ṣé iṣẹ́ gidi nìyẹn? Ṣé wọ́n ń rí owó níbẹ̀? Mummy kan ní Kent.

ÌDÁHÙN: Àǹtí mi, ẹ kú làálàá ọmọ, ẹ sì kú iṣẹ́ òru, Ọlọ́run á jẹ́ ẹ jèrè wọn. Bàbá ọmọ mẹ́ta lèmi, Leeds la wà, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló dé ilé tèmi lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ohun tí mo ṣe nígbà yẹn ṣì ń dùn mí dòní, màá débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ọkùnrin tọ́mọ yín dárúkọ, torí ó jọ pé kò sọ ọ́ tán fún yín. Dókítà ni Tade Thompson. Dókítà gidi o, àwọn tó ń tọ́jú ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ ń ṣàárẹ̀. London ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ni bàbá àti ìyá ẹ̀, ó tó ọmọ ọdún méje nígbà tí wọ́n kó padà sílé ní nǹkan bíi 1976, Nàìjíríà ló dàgbà sí, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ mẹ́dísìn, kó tó wá padà síbí ní 1998. Kò fi iṣẹ́ dókítà sílẹ̀ kó tó kọ ìwé. Nígbà tó gba ẹ̀bùn tọ́mọ yín ń sọ yẹn, ó ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ ní ọsibítù.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ ná, kò yá rárá. Ìwé tó kọ́kọ́ gbé jáde ní 2015, Making Wolf, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, wọ́n fún un lẹ́bùn ìwé àkọ́kọ́ lórí ẹ̀. Rosewater wá jáde ní 2016, páblíṣà kékeré kan ní Amẹ́ríkà ló tẹ̀ ẹ́, ariwo ẹ̀ ò pọ̀. Àwọn èèyàn wa ló tètè rí i: ní 2017 ó gba ẹ̀bùn Nommo, ẹ̀bùn àwọn tó ń kọ irú ìwé yìí nílẹ̀ Áfíríkà, ní Aké Festival ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti kéde ẹ̀. Ìgbà tó di 2018 ni Orbit, páblíṣà ńlá, tún un tẹ̀ níbí, ìdí sì nìyẹn tí ìwé 2016 fi lè gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019, ẹ̀bùn sáyẹ́ǹsì fíkṣọ̀n tọ́mọ yín ń sọ, torí ìwé tó bá kọ́kọ́ jáde nílẹ̀ yìí lọ́dún tó ṣáájú ni wọ́n máa ń wò. Ẹ̀bùn ńlá ni lóòótọ́, láti 1987 ni wọ́n ti ń fún èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè owó, ẹ jẹ́ n dá yín lóhùn: nọ́ńbà ọdún tí wọ́n bá wà ni wọ́n fi ń ṣe owó ẹ̀, torí náà £2,019 ló gbà ní 2019. Ẹ mọ iye rẹ́ǹtì ní Kent jù mí lọ.

Mo ti ka Rosewater lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún 2066 ni, nǹkan abàmì kan tó wá láti òde ayé ti wọ ilẹ̀ Nàìjíríà, ó yọ bí ilé olóbìrípo ńlá, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló máa ń ṣí, ẹni tó bá wà nítòsí lọ́jọ́ náà, àìsàn ẹ̀ á lọ. Ìlú wá hù yí i ká. Ẹni tó bá ti gbé ìyá ẹ̀ aláìsàn lọ sórí òkè àdúrà rí, tó sùn lórí ẹní láàárín ọ̀pọ̀ èrò, tó ń gbọ́ ikọ́ lọ́tùn-ún lósì, á mọ ibi tó ń wí. Ọ̀gá inú ìtàn náà, Kaaro, lè wọ inú èrò ọkàn èèyàn, báǹkì ló gbà á síṣẹ́ kó máa dènà àwọn olè tó fẹ́ jí nǹkan látinú orí oníbàárà. Dókítà bíi Tade tó ń jókòó gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ aráyé látàárọ̀ dalẹ́ níbi iṣẹ́ ẹ̀, ibo ni ì bá tún ti rí irú ìtàn bẹ́ẹ̀? Nítorí náà mi ò gbà pé mẹ́dísìn àti ìwé kíkọ ń bá ara wọn jà. Wole Talabi náà, tó fi Ṣìgìdì tiwa kọ odidi nọ́fẹ̀lì, ẹnjiníà ni.

N ò ní purọ́ fún yín pé ọ̀nà kan ṣoṣo nìyẹn o. Octavia Butler, ìlúmọ̀ọ́ká tó kọ sáyẹ́ǹsì fíkṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, ó fọ abọ́, ó ṣa ọ̀dùnkún dídín ní fáktírì, aago méjì òru ló ń jí láti kọ̀wé kó tó lọ síbi iṣẹ́, ìwé ẹ̀ àkọ́kọ́ di 1976 kó tó jáde, owó ńlá tí àjọ MacArthur fún un sì di 1995 kó tó dé. Obìnrin tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi ni, àmọ́ bí ọmọ tèmi bá lè gba ọ̀nà ti Tade, òun ni màá gbàdúrà fún.

Wàyí o, tèmi. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní ọdún 16, máàkì ẹ̀ já wálẹ̀, mo wá rí ìtàn nínú ìwé Máàtì ẹ̀, ojú ewé bí ogún. Mo sọ ìwé náà sínú bíìnì lójú ẹ̀. Kò sunkún, kò sọ nǹkan kan. Ìyàwó mi ló yọ ewé kan níbẹ̀ tó fi pamọ́, ọdún kejì ló tó fi hàn mí: obìnrin arúgbó ló ń wa ọkọ̀ òfurufú náà, wọ́n ní kó dé akoto, ó ní kí wọ́n dúró kóun kọ́kọ́ wé gèlè òun, òun ò ní jẹ́ kí àwọn ará òde ọ̀run rí òun ní orí òfìfo. Àǹtí mi, ìyá mi gan-an ni! Mo wá rántí pé lọ́sẹ̀ yẹn ọmọ náà ti bi mí léèrè kí ni wọ́n ń pè ní akoto àti òfurufú, mo rò pé ẹnì kan nílé ìwé ló bi í. Ọmọ tí n ò lè mú sọ Yorùbá ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kiri fúnra ẹ̀. Ó wà ní yunifásítì báyìí, ó ń ṣe dáadáa, mo ti bẹ̀ ẹ́ kó padà sídìí ẹ̀, ó ní kò sáyè, Daddy.

Torí náà ẹ má tíì sọ fún bàbá ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ìwé kíkọ ló wù ú ni àbí mẹ́dísìn ló ń sá fún, torí ọ̀tọ̀ lọ̀rọ̀ méjèèjì, ẹ sì tètè bi í, ìdajì oṣù kẹwàá ni wọ́n máa ń ti fọ́ọ̀mù mẹ́dísìn. Tó bá ní ìbẹ̀rù ni, ẹ gbọ́ ọ dáadáa, fámásì ń bẹ, báókẹ́mísìrì ń bẹ. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè sátífíkéètì lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ ìtàn. Àmọ́ kó tó di gbogbo ìyẹn, lálẹ́ òní kẹ́ ẹ tó jáde lọ síbi iṣẹ́, ẹ ní kó ka ojú ewé àkọ́kọ́ ìtàn tó ń kọ fún yín. Tí ọkọ̀ òfurufú bá wà níbẹ̀ bíi ti ọmọ mi, kẹ́ ẹ wá bá mi sọ orúkọ tó fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà.