Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kọ̀ǹpútà Kò Rí Káàdì Gíráfíìkì Tuntun

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà Dell OptiPlex 7010 tòkunbọ̀, èyí tó rí gogoro, ni mo fi ń to fídíò ìgbéyàwó ní Àjàṣẹ́ níbí. Mo ra káàdì gíráfíìkì GTX 1660 Super sí i. Ẹ̀rọ náà kò ní wáyà iná tó bá ihò onípíìnì mẹ́jọ ara káàdì náà mu, ni ẹni tó tà á bá fún mi ní wáyà kékeré kan tó so ó mọ́ wáyà SATA, èyí tó ń gbé iná lọ sí háàdì dísìkì. Fáànù ń yí, àwòrán sì ń hàn, àmọ́ Intel, gíráfíìkì tó bá ẹ̀rọ náà wá, nìkan ló wà lábẹ́ “Cartes graphiques” nínú Gestionnaire de périphériques, ibi tí Windows ti ń to orúkọ àwọn ohun èlò inú ẹ̀rọ. Dírífà NVIDIA, ètò tó ń jẹ́ kí Windows lo káàdì náà, ní òun kò rí káàdì kankan. Ṣé káàdì ọ̀hún ti kú ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó o. Ẹ má tíì ka káàdì náà sí òkú. Wáyà tí wọ́n fún yín yẹn ló ń bà wá lẹ́rù: ẹ yọ ọ́, ẹ má sì fi tan ẹ̀rọ náà mọ́. Ẹnu SATA kò gbà ju áńpíà 4.5 lọ lórí fóòtì 12, ìyẹn wáàtì 54. Wáàtì 150 ni wọ́n ṣe ihò onípíìnì mẹ́jọ fún. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ fídíò bá wọ káàdì náà lára, tó sì fẹ́ jẹ wáàtì 125 rẹ̀ pé, ẹnu SATA lè gbóná títí ike rẹ̀ á fi yọ́, ó sì lè gbiná. Ẹ má fi fáànù tó ń yí ṣe ẹ̀rí. Iná díẹ̀ tó fáànù; káàdì fúnra rẹ̀ lè má tíì jí.

Àpótí iná, alimentation, tó bá 7010 gogoro wá jẹ́ wáàtì 275 fún gbogbo ẹ̀rọ. NVIDIA ní kí ti 1660 Super tó 450. Ẹ wá àpótí iná ATX (ìwọ̀n tó wọ́pọ̀) wáàtì 450 tó ní wáyà PCIe 6+2, ìyẹn wáyà káàdì gíráfíìkì onípíìnì mẹ́fà àti méjì tó ń di mẹ́jọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka ìwé ara rẹ̀: ìlà 12V gbọ́dọ̀ tó áńpíà 30. Èyí tí wọ́n kọ 500 gàdàgbà sí lára, tí ìlà 12V rẹ̀ jẹ́ áńpíà 18, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Ẹnu onípíìnì 24 tó wọ́pọ̀ ni 7010 ń lò, nítorí náà kò ní í ni yín lára. OptiPlex 7020 àti 9020 ló ń fẹ́ wáyà ìsopọ̀.

Ẹ ṣọ́ra o: wáyà processor náà ní píìnì mẹ́jọ, àmọ́ 4+4 ni tirẹ̀. Ibi tí wáyà dúdú wà lára rẹ̀ ni wáyà yẹ́lò wà lára ti PCIe. Tí ẹ bá fi tipátipá kì í bọ káàdì, ẹ ti pa á nìyẹn.

Ẹ yọ wáyà kúrò lára ògiri, ẹ tẹ bọ́tìnì iná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ tó fa káàdì jáde. Ẹ fi ọtí isopropyl nu ẹnu wúrà rẹ̀, ẹ fẹ́ eruku ihò náà dànù. Ihò tó sún mọ́ processor jù lọ ni kí ẹ tì í bọ̀, títí ẹ ó fi gbọ́ “kàá”. Ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́: kò gbọdọ̀ sí wúrà tó yọjú níbì kan ju ibòmíràn lọ. Nígbà míì, ìdè irin ẹ̀yìn ló máa ń gbé orí káàdì sókè nígbà tí ẹ bá ń dè é.

Ibo ni wáyà mónítọ̀ yín wà? Bó bá jẹ́ ihò VGA aláwọ̀ búlúù ni, Intel lẹ ṣì ń wò. Káàdì yín kò ní VGA, DVI rẹ̀ kò sì gbé àmì VGA, nítorí náà ẹ má ra ìsopọ̀ DVI sí VGA olówó pọ́ọ́kú. Èyí tó ń yí HDMI padà sí VGA lẹ nílò.

Tí ẹ̀rọ kò bá tíì rí káàdì náà síbẹ̀, ẹ tẹ F2 nígbà tó bá ń tàn, kí ẹ wọ BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé, kí ẹ fi Primary Display sí Auto. Lórí ẹ̀rọ mìíràn, PEG tàbí PCIe ni wọ́n ń kọ. Ẹ tún lè yọ wáyà kúrò lára ògiri, kí ẹ yọ bátìrì kékeré CR2032 tó wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí BIOS gbàgbé ètò àtijọ́. Ẹ̀yìn èyí ni dírífà tó kàn. Tí Windows bá wá rí káàdì ṣùgbọ́n tó kọ Code 43, ìyẹn pé ó ti dá a dúró nítorí àṣìṣe, ẹ yọ dírífà àtijọ́ pátápátá, kí ẹ gbé tuntun sí i.

Bí owó àpótí iná bá pọ̀ jù, ẹ bi ọlọ́jà bóyá ó lè fi GTX 1650 tí kò ní ihò iná pààrọ̀ rẹ̀. Wáàtì 75 ni ń jẹ, ihò mọ́dábọ́ọ̀dù sì lè gbé e. Àpótí iná wáàtì 300 ni NVIDIA dámọ̀ràn fún un, nítorí náà 275 yín kò fi bẹ́ẹ̀ tó, ẹ má kó háàdì dísìkì púpọ̀ sínú ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dán 1660 Super náà wò nínú ẹ̀rọ ẹlòmíràn tí iná rẹ̀ tó. Bí tọ̀hún náà kò bá rí i, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.