Ta ni kí n kọ̀wé sí nípa ìwé ọmọdé ní èdè Welsh?

Ìbéèrè: Cardiff, olú ìlú Wales ní Britain, ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Èdè Welsh, èdè ìbílẹ̀ Wales, ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa méjèèjì ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń lọ, bẹ́ẹ̀ àwa òbí kò gbọ́ èdè náà. Mo ti kọ àlọ́ ìjàpá mélòó kan sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí ìyá mi ṣe pa wọ́n fún wa ní Ìkìrun, mo sì fẹ́ kí wọ́n di ìwé ní èdè Welsh. Ọ́fíìsì tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí ní kí n lọ sí òmíràn, òmíràn náà tún darí mi síbòmíràn. Èwo nínú àwọn àjọ yìí ló ń ṣe kí ni? Níbo ni a sì ti lè rí ìwé tí àwa àti àwọn ọmọ lè jọ kà? — Ìyá ọlọ́mọ méjì, Cardiff

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, ìyá wa. Ilé ìtẹ̀wé (publisher) ni kí ẹ kọ̀wé sí. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn àjọ ńlá tí ẹ ń gbọ́ orúkọ wọn tí ó ń gba àlọ́ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé kí ó sì sọ ọ́ di ìwé, ìdí nìyẹn tí olúkúlùkù fi ń darí yín sí ẹlòmíràn. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti pín in láàárín ara wọn débi pé kò sí àjọ kan ṣoṣo tí ó ń bá ìwé rìn láti ọwọ́ òǹkọ̀wé títí dé ọwọ́ ọmọ tí yóò kà á.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù fún yín láti mọ̀ ni Cyngor Llyfrau Cymru, ìyẹn Ìgbìmọ̀ Ìwé Wales, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1961, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Castell Brychan ní ìlú Aberystwyth. Alun R. Edwards, tí ó jẹ́ ọ̀gá àwọn ilé ìkàwé agbègbè Cardiganshire, wà lára àwọn tí ó ṣe wàhálà jù kí ìgbìmọ̀ náà tó dúró, nítorí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ọwọ́ àwa òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ti wà nínú ọ̀rọ̀ ìwé títà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí kì í tẹ ìwé ìtàn fún òǹkọ̀wé. Ó ń gba owó lọ́wọ́ ìjọba Wales, ó sì ń pín in fún àwọn ilé ìtẹ̀wé gẹ́gẹ́ bí owó ìrànwọ́. Ó tún ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Aberystwyth, níbi tí ìwé láti ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ atẹ̀wé ti ń pàdé kí wọ́n tó kó wọn lọ fún àwọn olùtàwé. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé olùtàwé kan ní Caernarfon fẹ́ ẹ̀dà méjì-méjì láti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé márùn-ún. Kò ní kọ lẹ́tà márùn-ún, kò sì ní san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ibi kan náà ni yóò ti béèrè gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ náà ni yóò sì sanwó sí. Lójú tèmi, ilé ìkẹ́rùsí yìí ń ran èdè Welsh lọ́wọ́ ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ayẹyẹ tí àwọn oníròyìn ń ya fọ́tò rẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí owó ìrànwọ́ fi pọn dandan, torí pé ó kan àlọ́ yín. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2021, nǹkan bí 538,000 ènìyàn ní Wales ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó ń sọ èdè Welsh, ìyẹn ìdá 17.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta sókè. Iye tí ayàwòrán yóò gbà lórí ìwé ọmọdé kò ní dín kù nítorí pé àwọn tí yóò rà á kò pọ̀, ẹ̀dà díẹ̀ sì máa ń mú kí owó ìtẹ̀wé lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan wọ́n sí i. Ọ̀nà kan tí àwọn atẹ̀wé Welsh ń gbà dín ìnáwó kù ni pé wọ́n máa ń bá atẹ̀wé ilẹ̀ òkèèrè pawọ́ pọ̀: àwòrán kan náà ni wọn yóò jọ lò, èdè tí ó wà lórí rẹ̀ nìkan ni yóò yàtọ̀. Ìwé tuntun pátápátá bíi tiyín kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, nítorí náà atẹ̀wé yóò fẹ́ béèrè ìrànwọ́ kí ó tó dáwọ́ lé e. Òun ni yóò sì béèrè, kì í ṣe ẹ̀yin. Bí ó bá gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má ṣe rò pé wọ́n ti gbàgbé yín.

Àjọ tí ó jẹ́ ti òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ni Llenyddiaeth Cymru, ìyẹn Lítíréṣọ̀ Wales, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011 nígbà tí wọ́n so Academi, tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé, àti Tŷ Newydd pọ̀. Tŷ Newydd jẹ́ ilé ìkọ́ṣẹ́ òǹkọ̀wé ní abúlé Llanystumdwy, inú ilé tí David Lloyd George, olórí ìjọba Britain nígbà kan rí, lò kẹ́yìn láyé rẹ̀. Llenyddiaeth Cymru náà ni wọ́n ń ṣètò ẹ̀bùn Ìwé Ọdún ti Wales. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa ni ètò wọn kan tí ń jẹ́ Cynrychioli Cymru, ìyẹn Ṣíṣojú Wales, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn òǹkọ̀wé tí a kì í sábà rí irú wọn nínú iṣẹ́ ìwé ní Wales. Àwọn òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú àti àwọn mìíràn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọn kò ní tẹ ìwé yín, ṣùgbọ́n wọ́n lè fún yín ní owó, olùtọ́nisọ́nà àti ojúlùmọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí àwọn tí ó wà nídìí iṣẹ́ ìwé ṣe ń para pọ̀ ṣiṣẹ́, ẹ wo Eisteddfod, àjọ̀dún àṣà tí wọ́n ń ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún. Ẹ̀bùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Y Fedal Ryddiaith, fún iṣẹ́ ọ̀rọ̀ geere. Orúkọ ìnagijẹ ni àwọn olùdíje fi ń kọ iṣẹ́ ránṣẹ́, àwọn adájọ́ kò sì mọ ẹni tí ó kọ èwo. Tí wọ́n bá ti yan ẹni tí ó borí, wọ́n á tẹ ìwé náà ní bòókẹ́lẹ́ ṣáájú àjọ̀dún. Ní ọjọ́ náà, wọ́n á fun kàkàkí, wọ́n á pe orúkọ ìnagijẹ náà, ẹnì kan á sì dìde láàárín èrò. Bí ayẹyẹ bá ti parí, ìwé tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí ti wà lórí àtẹ àwọn olùtàwé ní pápá náà, àwọn ènìyàn sì ti ń tò láti rà á. Láìjẹ́ pé àwọn adájọ́, atẹ̀wé àti olùtàwé gbẹ́kẹ̀ lé ara wọn, àṣírí náà ì bá ti tú.

Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè Wales, tí ó tún wà ní Aberystwyth, kò kàn yín nísinsìnyí. Òfin ló fún un láṣẹ láti gba ẹ̀dà ìwé tí wọ́n bá tẹ̀. Bí tiyín bá jáde, atẹ̀wé ni yóò fi ránṣẹ́.

Ní ti ìwé kíkà nílé, ilé ìtẹ̀wé Dref Wen, tí ó wà ní Cardiff níbẹ̀, ní àwọn ìwé ọmọdé tí èdè Welsh àti Gẹ̀ẹ́sì jọ wà lójú ìwé kan náà. Irú èyí ló yẹ yín jù. Ẹ lè wo ìkànnì Gwales, tí ó jẹ́ ti Ìgbìmọ̀ Ìwé, kí ẹ fi ọjọ́ orí ọmọ yan ìwé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tí ó dára, ẹ wá àwọn ìwé tí ó gba ẹ̀bùn Tir na n-Og, tí ó ti wà fún ìwé ọmọdé láti ọdún 1976, kí ẹ sì yá wọn ní ilé ìkàwé àdúgbò kí ẹ tó ná owó.

Tí ẹ bá ń kọ̀wé sí atẹ̀wé, ẹ ka àwọn ìwé rẹ̀ mélòó kan kí ẹ lè mọ̀ bóyá irú ọjà rẹ̀ ni tiyín. Ẹ fi àlọ́ méjì péré ránṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àlàyé kúkúrú nípa ìyókù. Ẹ má ṣe sanwó fún olùtúmọ̀ fúnra yín. Bí atẹ̀wé bá fẹ́ iṣẹ́ náà, òun ni yóò wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé àlọ́ náà kì í ṣe ti ẹnì kan, ṣùgbọ́n pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ báyìí. Orin inú àlọ́ ni kí ẹ pinnu lé lórí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní tèmi, n óò fi í sílẹ̀ ní Yorùbá, nítorí ọmọ tí ó ń fi èdè Welsh kọrin ní ilé ẹ̀kọ́ kò ní bẹ̀rù láti gbe ègbè kan tí kò gbọ́. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìsí èsì, ẹ rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó kọ̀wé sí ilé ìtẹ̀wé mìíràn.