Èsì: Ṣé adúláwọ̀ lè wà láàfin Henry Kẹjọ?

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ béèrè bóyá irọ́ ni tí òǹkọ̀wé bá fi ọ̀dọ́mọkùnrin adúláwọ̀ sáàfin àwọn ọba Tudor, ìdílé ọba ilẹ̀ England láyé àtijọ́, nínú ìtàn àròsọ. Kì í ṣe irọ́ jàre. Ẹ wo John Blanke, adúláwọ̀ tó fun kàkàkí fún Henry Keje àti Henry Kẹjọ. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìnáwó ààfin lọ́dún 1507: pẹ́ńsì 8 lójúmọ́. Nígbà tí Dominic Justinian tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kú, Blanke kọ̀wé sí Henry Kẹjọ pé owó òun kò tó òun ná, kí wọ́n jẹ́ kóun máa gba ti olóògbé. Ọba gbà, ó di pẹ́ńsì 16. (Ta ló ń tijú owó iṣẹ́?) Ibi lẹ́tà yẹn ni èmi ì bá ti bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó ọba tí gbogbo ayé ti kọ sú.

Ní ti ìrísí Blanke, ẹ wá àwòrán ìdíje orí ẹṣin tó wáyé ní Westminster lọ́dún 1511. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yà á síbẹ̀, lórí ẹṣin, ó wé láwàní, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò sì dé nǹkan kan. Ó gbéyàwó lọ́dún 1512, ọba fi aṣọ aláwọ̀ àlùkò àti fìlà ta á lọ́rẹ. A ò mọ orúkọ ìyàwó yẹn, ẹ lè fún un lórúkọ tó bá wù yín.